Bíírò Ìyá Onítáìpù: bí ẹgbẹ́ sọ́fíwíà ọlọ́fẹ̀ẹ́ ṣe lè jẹ́ kí ará ìlú gbọ́ nípa iṣẹ́ rẹ̀

Bíírò dúdú kan máa ń wà létí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nínú ṣọ́ọ̀bù ìyá kan tó ń báni táìpù ní Lágere, nílùú Ilé-Ifẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ èdè Yorùbá ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bá gbé iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ wá, ìyá yìí á táìpù gbogbo rẹ̀ láìsí àmì kankan, á tẹ̀ ẹ́ jáde, á wá fa bíírò yẹn yọ. Á máa kán àmì sábẹ́ ẹ, sábẹ́ ọ, sábẹ́ ṣ, á máa fa àmì ohùn lé wọn lórí, ojú ewé kan tẹ̀ lé òmíràn. Iṣẹ́ ọgọ́ta ojú ewé lè gba ọ̀sán kan gbáko lọ́wọ́ rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ náà á sì jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, á máa nàka sí èyí tó bá fò.

Ó ti tó ọdún méjì tí ẹgbẹ́ wa ti ní sọ́fíwíà tó ń fi àmì sí Yorùbá lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà kí ìyá yìí tó gbọ́ pé irú ẹ̀ wà láyé. Ọ̀fẹ́ ni. Ṣe la yọ̀ǹda ara wa, kò sẹ́ni tó ń gba kọ́bọ̀ nídìí rẹ̀. Kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, ẹni tó bá fẹ́ lè wò ó, kó sì tún un ṣe. A ti kọ̀wé nípa rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ará Kánádà ti kí wa kú iṣẹ́. Láti géètì káńpọ́ọ̀sì sí Lágere, ọkọ̀ kan péré ni, wọn ò sì gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀.

Àwọn àgbà ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Mo gbà. Àmọ́ àgúnmu náà ní bí wọ́n ṣe ń lò ó, wọn kì í kàn bu ẹ̀kúnwọ́ dà sẹ́nu. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ sọ́fíwíà láìgbowó, tí ẹ ò ní owó ìpolówó, tí ẹ sì fẹ́ kí ará ìlú lo iṣẹ́ yín, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ohun kan ni mo gbà gbọ́ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: ẹ wá ẹni tí iṣẹ́ yín gbà lọ́wọ́ wàhálà, kẹ́ ẹ jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Yálà bí ẹ ó ṣe dé ọ̀dọ̀ ẹni náà, tàbí bí ohùn rẹ̀ ṣe máa jìnnà, ni gbogbo ìgbésẹ̀ tó kù.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ gbálẹ̀ kẹ́ ẹ tó pe àlejò

Ẹ gbé sọ́fíwíà yín fún ẹni tí kò bá yín kọ ọ́, kẹ́ ẹ dákẹ́. Dídákẹ́ yẹn ló le jù níbẹ̀. Ẹ má sọ pé "tẹ ibí", ẹ má nàka sí nǹkan kan. Ẹ mú ìwé, kẹ́ ẹ kọ ibi tó ti dúró, ibi tó ti mí kanlẹ̀, ibi tó ti gbójú sókè wò yín.

Àwa gbé tiwa fún bọ̀dá kan tó ń tún fóònù ṣe ní Mayfair. Ó gbà á sórí fóònù rẹ̀, ó fẹ́ tan kíbọ́ọ̀dù náà, ni Android bá gbé ìkìlọ̀ jáde pé irú kíbọ́ọ̀dù báyìí lè kó gbogbo ohun tí èèyàn bá tẹ̀, títí kan páásíwọ́ọ̀dù àti nọ́ńbà káàdì báńkì. Bọ̀dá gbé fóònù kalẹ̀ bí ẹni tó fọwọ́ kan ẹyín iná.

"Ẹ gbọ́ ná," ó ní, "ṣé kì í ṣe yàhúù lẹ fẹ́ fi èyí ṣe?"

Kíbọ́ọ̀dù yòówù téèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ gbà sórí Android, ìkìlọ̀ yẹn á yọ. Kì í ṣe ẹ̀bi wa. Ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn? Nílùú tí ọ̀dọ́ tó gbé láptọ́ọ̀pù kọ́ èjìká lè di ẹni ìfura lójú ọ̀nà, ìkìlọ̀ kan ṣoṣo tó láti ba ìpolongo oṣù mẹ́fà jẹ́. Ohun tí a ṣe rèé. A yọ àṣẹ íntánẹ́ẹ̀tì kúrò nínú áàpù náà pátápátá, torí áàpù tí kò bá gba àṣẹ yẹn lọ́wọ́ Android kò lè fúnra rẹ̀ bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti fi ohunkóhun ránṣẹ́. A wá kọ ọ́ síbi tí ojú èèyàn máa kọ́kọ́ bà, lédè Yorùbá: "Fóònù yín máa kìlọ̀ fún yín, ó sì yẹ kó kìlọ̀. Áàpù yìí kò ní àṣẹ íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ kò bá gbà wá gbọ́, ẹ wo àwọn àṣẹ tó gbà nínú sẹ́tíńgì." Láti ìgbà náà, bí a bá ń fi han ẹnikẹ́ni, àwa la kọ́kọ́ ń dárúkọ ìkìlọ̀ náà kí fóònù tó sọ ọ́. Ẹni tó bá ti gbọ́ nǹkan lẹ́nu yín tẹ́lẹ̀, ẹ̀rù rẹ̀ kì í bà á mọ́.

Àwọn tó kù, ẹ yára yẹ̀ wọ́n wò. Ṣé áàpù náà kò wúwo jù fún ẹni tó ń ra dátà díẹ̀díẹ̀? Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù àlòkù ọlọ́dún mẹ́jọ? Bí nǹkan bá bàjẹ́, ṣé ibì kan wà téèyàn lè sọ fún yín láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ ṣí àkáǹtì? Nọ́ńbà WhatsApp kan tó.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wá gbólóhùn tí ìyá yín lè tún sọ

Ẹ lọ ka ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ kọ nípa iṣẹ́ yín. Bó bá jẹ́ pé èdè tí ẹ fi kọ kóòdù ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ará Lágere ti kọjá lọ. Tiwa nígbà kan ni: "Kíbọ́ọ̀dù tó tẹ̀ lé ìlànà Unicode, tí kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀." Kò sí irọ́ ńbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ṣe láǹfààní. Ohun tí a fi rọ́pò rẹ̀ ni: "Ẹ ò ní fi bíírò kán àmì mọ́."

Ọ̀nà tí a fi ń wá irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kò gba owó. Kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pe ìyá rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kan lórí fóònù, kó sọ ohun tí ẹgbẹ́ ń ṣe láìfi èdè ìmọ̀ ẹ̀rọ kankan sí i. Lẹ́yìn náà, kó ní kí àgbà náà tún un sọ fún òun. Ohun tí àgbà bá tún sọ ni kẹ́ ẹ kọ sílẹ̀. Màmá mi ní, "Ẹn-ẹ́n, ẹ fẹ́ kí Yorùbá orí fóònù náà máa ní àmì bíi ti inú Bíbélì." Lójú tèmi, kò tíì sẹ́ni tó sọ nípa iṣẹ́ wa tó dùn tó ìyẹn, a sì ti lò ó ní ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta.

Ẹ má fọ́nnu. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 1991, nígbà tí Linus Torvalds, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki lórílẹ̀-èdè Finland, kọ́kọ́ kéde ohun tó wá di Linux, ìyẹn sọ́fíwíà ìpìlẹ̀ tó ń darí ẹ̀rọ, ó ní òun kàn fi ń ṣeré ni, pé kò lè di nǹkan bàbàrà. Ó wá bi àwọn tó ń lo Minix, irú sọ́fíwíà bẹ́ẹ̀ tó ti wà ṣáájú, léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ràn níbẹ̀ àti ohun tí wọn kò fẹ́ràn. Ẹ wo àwọn tó kọ̀wé sí: àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ lọ́kàn tẹ́lẹ̀. Ẹ wo ohun tó béèrè: ẹ̀dùn ọkàn wọn. Lónìí, gbogbo fóònù Android tí wọ́n ń tà ní Ifẹ̀, Linux ló wà nísàlẹ̀ wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ lọ jókòó síbi tó ti ń dunni

Àṣìṣe tó gbà wá lákòókò jù ni pé níbi tó yẹ ká kọ orúkọ àwọn tí a fẹ́ bá sọ̀rọ̀, "gbogbo ọmọ Yorùbá" la kọ síbẹ̀. Gbogbo ọmọ Yorùbá kò ní ṣọ́ọ̀bù téèyàn lè yà sí. A wá bi ara wa pé, ní Ifẹ̀ tí a wà yìí, ta ni àìsí àmì ń ná lówó tàbí lákòókò? Kì í ṣe ẹni tó ń kọ "mo n bo" sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ti yé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọn onítáìpù ni, àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè, àtàwọn tó ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú, àtàwọn tó ń kọ oríkì sára báńà. Bí àmì orúkọ bàbá tó kú bá ṣì lára báńà, àwọn ọmọ á dá a padà, ìjà á sì wà níbẹ̀.

Ni mo bá lọ sí Lágere. N kò gbé pósítà dání, n kò gbé láptọ́ọ̀pù. Ojú ewé márùn-ún tí mo fẹ́ kí wọ́n bá mi táìpù ni mo mú lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá."

"Oò. Káàbọ̀, ọmọ mi. Táìpù ni àbí fótókópì?"

"Táìpù ni, mà. Yorùbá ni."

Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó ṣí i wò. "Owó Yorùbá yàtọ̀ o. Torí àmì."

Gbogbo ìwádìí tí a ò ṣe fún ọdún méjì, inú gbólóhùn yẹn ló wà. Àmì ti ní iye owó tirẹ̀ ní Lágere! Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo wò ó bó ṣe ń kán an, n kò sọ nǹkan kan. Ọjọ́ kejì ni mo tó gbé sọ́fíwíà lọ nínú fláàṣì, mo ní kó jẹ́ kí n fi sórí kọ̀ǹpútà tó gbó jù nínú ṣọ́ọ̀bù náà, èyí tó jẹ́ pé bí nǹkan bá ṣe é, iṣẹ́ kò ní dúró.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ló pè mí, inú ń bí i. Ó ti fi tiwa táìpù iṣẹ́ ọmọ kan, ó dára lójú kọ̀ǹpútà, ọmọ náà gbé e lọ tẹ̀ níbòmíràn, gbogbo ẹ́ àti ọ́ bá di àpótí kéékèèké òfìfo. "Ẹ ti bà mí lórúkọ jẹ́," ó ní. Bó ṣe fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ dípò "o" yẹn, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti le.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á, torí ẹni tó bá ń ṣe sọ́fíwíà fún èdè wa máa bá a pàdé. Lẹ́tà ẹ tó ní àmì lábẹ́ ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1EB9, nínú Unicode, ìyẹn ìlànà tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ́ tó ní àmì lábẹ́ tó tún ní àmì lórí kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tó dúró fún un: lẹ́tà kan ni, pẹ̀lú àmì kan tó tẹ̀ lé e tó sì yẹ kó gùn ún. Bí fọ́ǹtì (àwòrán lẹ́tà) inú kọ̀ǹpútà kejì kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń gbé àmì gun lẹ́tà, àmì á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó di àpótí. Kí oníṣọ́ọ̀bù máa sọ iṣẹ́ di PDF kó tó gbé e fún oníbàárà, kí fọ́ǹtì lè bá ìwé náà lọ, ọ̀rọ̀ á parí.

Mo lè fi WhatsApp ṣàlàyé ìyẹn. N kò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wọ ọkọ̀, mo lọ, mo dọ̀bálẹ̀, mo san owó tí wọ́n fi tún iṣẹ́ ọmọ náà tẹ̀, mo wá fi PDF han Màmá títí ó fi lè ṣe é láìwojú mi. Láàárín oṣù kan, onítáìpù mẹ́rin tó wà nítòsí rẹ̀ ti wá béèrè ohun tó ń lò. Kì í ṣe àwa la lọ bá wọn. Ẹni tí nǹkan bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ tí ẹ sì sáré dé, ó máa ń polongo yín ju ẹni tí nǹkan kò bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ rí lọ. N kò lè ṣàlàyé rẹ̀ tán. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti rí i.

Torí náà, ẹ mú ibì kan, àdúgbò kan bó bá ṣeé ṣe. Ẹ má tíì lọ sí Iléṣà, ẹ má tíì lọ sí Òṣogbo. Bí ìdí ibẹ̀ bá ti fìdí múlẹ̀, àwọn oníbàárà fúnra wọn á gbé e dé Iléṣà fún yín.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: rédíò

Nígbà tí ẹ bá ti ní ẹni mẹ́ta tó ń lò ó láìjẹ́ pé ẹ ń rán wọn létí, ẹ lè wá rédíò lọ. Ní Ifẹ̀, ẹ ní Orísun FM láàárín ìlú, ẹ sì ní Great FM nínú Yunifásítì. Ẹ má kọ̀wé sí olóòtú ètò pé ẹ ní sọ́fíwíà. Èwo ló kàn án? Ẹ kọ ọ́ pé ẹ fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun tí àìsí àmì ń dá sílẹ̀. Bí ìyàwó ilé bá kọ "oko mi ti baje" ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ṣé oko rẹ̀ ló bàjẹ́, àbí ọkọ rẹ̀, àbí ọkọ̀ rẹ̀? Ìbéèrè kan yẹn nìkan, gbogbo fóònù rédíò á máa dún, olóòtú náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí ẹni tó ń lò ó sọ̀rọ̀ ju ẹni tó kọ ọ́ lọ. Màmá bá wa lọ, ó ní kí ni òun fẹ́ sọ, òun ò kàwé kọ̀ǹpútà. A ní kó kàn sọ ti bíírò. Ó sọ ti bíírò fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ó fi owó rẹ̀ sí i, ó fi ti akẹ́kọ̀ọ́ kan tó sùn lọ lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ sí i. Ìṣẹ́jú méjì ló kù fún èmi, ó sì tó.

Ẹ má ka àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì lórí rédíò. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ kò ní kọ ọ́ sílẹ̀. Nọ́ńbà fóònù kan ni kẹ́ ẹ kà, kẹ́ ẹ kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹnì kan sì jókòó ti fóònù náà fún wákàtí méjì lẹ́yìn ètò. Ti wa, iná ti lọ láti àná, bátìrì kú ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn tí a jáde. Títí dòní, n kò mọ iye ẹni tó pè.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: orí fóònù àwọn èèyàn

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwòrán méjì tó fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ dára ju ọ̀rọ̀ ojú ewé kan: ìwé tí wọ́n fi bíírò kán lápá òsì, èyí tí sọ́fíwíà ṣe lápá ọ̀tún. Fídíò ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá tó ń fi ìka hàn bó ṣe ń tẹ "ẹ̀kọ́", láìsí orin, láìsí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, máa ń lọ jìnnà lórí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp. Kó má tóbi jù. Ẹ má ju ìpolówó sínú ẹgbẹ́ WhatsApp tí ẹ kò tíì kí wọn níbẹ̀ rí. Ẹ kọ́kọ́ gbàyè lọ́wọ́ alábòójútó, kẹ́ ẹ sì dúró láti dáhùn ìbéèrè. Ẹni tó bá ju nǹkan sílẹ̀ tó sá lọ, wọ́n á kà á mọ́ àwọn tó ń polówó oògùn jẹ̀dí.

Ẹ ní àmì kan tí ojú lè mú. VLC, sọ́fíwíà tí wọ́n fi ń wo fíìmù, bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ École Centrale Paris lórílẹ̀-èdè France lọ́dún 1996, ọ̀fẹ́ sì ni títí dòní. Bí ẹ bá sọ ìtàn yẹn fún ẹni tó ń wo fíìmù lórí láptọ́ọ̀pù ní Mọ̀dákẹ́kẹ́, á ní òun ò mọ̀ wọ́n. Ẹ sọ pé "èyí tó ní kóònù ojú títì aláwọ̀ ọsàn yẹn", á ní, "Háà, ìyẹn kẹ̀!"

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ọjọ́ tí ẹ ó pe èèyàn jọ

Sátidé kẹta nínú oṣù Kẹsàn-án ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ káàkiri ayé fi ń ṣe Software Freedom Day, ìyẹn ọjọ́ òmìnira sọ́fíwíà, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2004. Ọjọ́ tó dáa ni, torí ẹ ò ní máa ṣàlàyé ìdí tí ẹ fi mú un.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é bí a ṣe kọ́kọ́ ṣe tiwa. A gba gbọ̀ngàn, a tẹ pósítà, a ṣe ètò olùbánisọ̀rọ̀ mẹ́rin, a ra mítípáì àti mínírà. Èèyàn kún. Iná lọ nígbà tí olùbánisọ̀rọ̀ kejì dìde, ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri kú, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Nígbà tí mítípáì tán, gbọ̀ngàn náà tú. Mo ka àwọn tó gbé sọ́fíwíà náà lọ sílé lórí fóònù wọn lọ́jọ́ yẹn: márùn-ún, méjì nínú wọn sì jẹ́ àbúrò àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa.

Ti ọdún kejì, tábìlì kan la gbé sábẹ́ igi, a gbé àga mẹ́fà sí i, a gbé páwà báńkì mẹ́rin wá. Kò sí ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀. Ẹni tó bá dé á jókòó, ẹnì kan á jókòó tì í, wọ́n á jọ fi sórí fóònù rẹ̀, á wá fi tẹ orúkọ ara rẹ̀ pẹ̀lú àmì. Ibi orúkọ yẹn ni ojú wọn máa ń yí padà. Bàbá kan tẹ orúkọ rẹ̀ tán, ó wò ó títí, ó ní, "Ẹ bá mi tẹ ti ìyàwó mi náà." Àwọn tí kò ní dátà, a fi Bluetooth gbé e fún wọn, bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ rí i pé fáìlì kan náà tí ẹ gbé síta fún gbogbo ayé ni, kí áàpù lè máa gba àtúnṣe lẹ́yìn ọ̀la, kẹ́ ẹ sì kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má gba irú ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí wọn kò mọ̀.

Ní ti ẹ̀bùn, ẹ ṣọ́ra. Hacktoberfest, ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n ti ń ṣe lóṣù Kẹwàá láti ọdún 2014, máa ń fún ẹni tó bá ṣe àtúnṣe sí sọ́fíwíà tó ṣí sílẹ̀ ní ẹ̀wù láwọn ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀. Nígbà tó di ọdún 2020, àwọn tó ń wá ẹ̀wù ya bo àwọn iṣẹ́ kéékèèké, wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ kan kún ibí, wọ́n ń yọ kọ́mà kan lọ́hùn-ún, títí iṣẹ́ fi fẹ́ sú àwọn tó ni ín. Àwọn tó ṣètò rẹ̀ ní láti yí òfin padà pé kìkì iṣẹ́ tí àwọn tó ni ín bá fúnra wọn sọ pé àwọn fẹ́ kópa ni wọ́n á kà. Mítípáì tiwa kò yàtọ̀ sí ẹ̀wù yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ fún èèyàn ní nǹkan, ẹ fún ẹni tó ti bá yín ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta, kẹ́ ẹ má sì kéde rẹ̀ ṣáájú.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ kọ orúkọ àwọn èèyàn

Firefox 1.0, sọ́fíwíà ọlọ́fẹ̀ẹ́ tí wọ́n fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, jáde ní ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá ọdún 2004. Àwọn olùyọ̀ǹda ara-ẹni ló gbé ìpolongo rẹ̀ rù: wọ́n dá owó jọ, ó tó $250,000 láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, wọ́n sì ra ojú ewé méjì nínú ìwé ìròyìn New York Times, tó jáde ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá. Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀? Orúkọ àwọn tó dá owó náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún orúkọ wínníwínní. Mo gbà pé orúkọ yẹn ṣiṣẹ́ ju ọ̀rọ̀ ìpolówó lọ, torí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìròyìn á gbé e káàkiri ilé ẹbí. Lọ́dún 2002 bákan náà, àwọn tó fẹ́ràn Blender, sọ́fíwíà tí wọ́n fi ń ṣe àwòrán àti fíìmù lórí kọ̀ǹpútà, dá €100,000 jọ láàárín ọ̀sẹ̀ méje láti ra kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Kì í ṣe ìpolówó ló mú wọn mówó wá. Wọ́n ti ń lò ó, wọn kò sì fẹ́ kó kú.

Àwa kò ní ìwé ìròyìn. A ní bébà kan tí a lẹ̀ mọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù Màmá, orúkọ gbogbo ẹni tó bá wa rí àṣìṣe wà lára rẹ̀, pẹ̀lú àmì, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ gan-an. Orúkọ kan náà wà nínú áàpù. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ mú ọ̀rẹ́ mẹ́fà wá wò ó. Méjì nínú wọn ti ń bá wa kọ kóòdù báyìí.

Bí ẹni tuntun bá sì yọjú pé òun fẹ́ ràn yín lọ́wọ́, ẹ má sọ pé kó "lọ ka kóòdù ná". Iṣẹ́ tí kò ju wákàtí kan lọ ni kẹ́ ẹ gbé fún un: kó wá ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tí àmì wọn ṣì, kó fi fóònù ìyá rẹ̀ dán an wò. Kí ẹnì kan dá a lóhùn lọ́jọ́ kan náà, bó tiẹ̀ jẹ́ "a ti rí i, ẹ ṣeun" lásán. Ìdákẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ló lé àwọn olùyọ̀ǹda wa tó dára jù lọ. Ẹ̀bi wa sì ni.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: owó, ẹnu àti kíkà

Ẹ yan ẹni méjì tó lè fi orúkọ ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀ níta, kí ó má di pé ọmọ ẹgbẹ́ kan lọ ṣèlérí ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹnì kan fún yín lówó, ẹ kọ iye rẹ̀ àti ohun tí ẹ fi ṣe síbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí i. Ní ilẹ̀ wa, "ọ̀fẹ́ ni" máa ń mú kí èèyàn wá ẹni tó ń jẹ nídìí rẹ̀. Ẹ dáhùn kí wọ́n tó béèrè.

Ní ti kíkà, iye ẹni tó gbà á sórí fóònù máa ń tàn ni jẹ. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, mo máa ń lọ yí ká àwọn onítáìpù náà, mo sì ń ka ṣọ́ọ̀bù tí kò sí bíírò létí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́. Iye yẹn ni mo gbà gbọ́.

Kàlẹ́ńdà Ifẹ̀

Gbogbo ohun tí mo ti sọ yìí ní àsìkò. Ìgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún ìkẹyìn bá ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá ni kẹ́ ẹ wà ní Lágere, kí ó tó di ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa fi sílẹ̀ gan-an, torí ní ọ̀sẹ̀ yẹn onítáìpù kò ní gbà kí ẹ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà òun. Ọjọ́ Ọdún Ọlọ́jọ́ gan-an, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ yín. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú rẹ̀, nígbà tí gbogbo ẹgbẹ́ àti ìdílé ń tẹ báńà, ni kẹ́ ẹ ti wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́.

Bí yunifásítì bá daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ kó kúrò ní Lágere. Ní ọdún 2022, tí àwọn olùkọ́ fi wà nílé láti oṣù Kejì títí di oṣù Kẹwàá, bẹ́ǹṣì ìyá onítáìpù dá páropáro. Ọ̀dọ̀ àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì la gbà lọ nígbà náà. Wọn kò tiẹ̀ dá wa lóhùn lórí ọ̀rọ̀ kíbọ́ọ̀dù. Ohun tí wọ́n ń wá ni bí orin tí wọ́n máa kọ lọ́jọ́ Àìkú ṣe máa dé orí fóònù gbogbo akọrin lálẹ́ Sátidé, pẹ̀lú àmì, kí ẹni tó ń kọ téńọ̀ má bàa fi ohùn ọ̀rọ̀ kan pe òmíràn. A padà sílé, a kọ gbólóhùn mìíràn.